Yáàdì Márùndínláàádọ́ta

Òwúrọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2010. Ní East Rutherford, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, pápá ìṣeré ńlá kan ń retí èrò. Ọdún yìí gan-an ni wọ́n ṣí i. Ẹgbẹ́ Giants àti ẹgbẹ́ Jets ló jọ ni ín, àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ìjókòó inú rẹ̀ lé ní 80,000. Àwọn ọmọ yunifásítì kò tíì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Tòní ni àkọ́kọ́.

Koríko pápá náà kì í ṣe èyí tó hù láti inú ilẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n hun. Ìlà funfun pín in ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i: 10, 20, 30, 40, títí dé 50 ní àárín, kó tó tún máa sọ̀kalẹ̀ padà sí 10. Láti ìlà òpin kan dé èkejì jẹ́ 100 yáàdì.

Army ni onílé lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ológun ni wọ́n, láti West Point ní New York. Rutgers ni àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì ìpínlẹ̀ New Jersey ni, tí ọgbà rẹ̀ kò sì jìnnà síbí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Rutgers ti jáde ní sáà yìí, wọ́n ti jẹ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n borí Connecticut. Ilé-ìwé wọn kan náà ni wọ́n ti gbá irú eré yìí láàárín yunifásítì méjì fún ìgbà àkọ́kọ́, lọ́dún 1869, nígbà tí wọ́n na Princeton ní 6 sí 4. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni tòní: èyí tí wọ́n ń há sí abíyá sáré, tí wọ́n ń jù, tí ẹsẹ̀ kì í sábà kàn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kàn án, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀.

Ọ̀sán. Nínú yàrá ìmúra Rutgers, ọmọkùnrin kan wà tó ń wọ nọ́ńbà 52. Eric LeGrand ni orúkọ rẹ̀. Oṣù tó kọjá ló pé ọmọ ogún ọdún. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó sì wọn 275 pọ́n-ùn, nǹkan bíi kílò 125. Avenel ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ girama Colonia ló lọ. Pápá tòní kò jìnnà sílé rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń bọ̀ wá wòran.

Ìmúra àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gba àkókò. Wọ́n á fi báńdéèjì funfun di ọrùn ọwọ́. Wọ́n á di ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé ìhámọ́ra èjìká kọ́rùn, wọ́n á fa okùn rẹ̀ le lábẹ́ apá. Akoto ló máa ń kẹ́yìn. Irin wà níwájú akoto náà tó dáàbò bo ojú, okùn sì gba abẹ́ àgbọ̀n. Èjìká ní ìhámọ́ra. Orí ní tirẹ̀. Itan àti orúnkún ní tìmùtìmù tiwọn. Láàárín ibi tí akoto parí sí àti ibi tí ìhámọ́ra èjìká ti bẹ̀rẹ̀, àlàfo kan wà tí nǹkan kan kò bò. Ọrùn ló wà níbẹ̀.

Kọ́tà kìíní, 15:00. Aago tó wà lókè pápá kì í kà lọ síwájú. Láti 15:00 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa sọ̀kalẹ̀ títí á fi di 0:00. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí eré tó parí. Bí eré bá dúró nítorí ìdí kan, aago náà lè dúró. Ìyókù ọjọ́ lè máa lọ níta. Nínú pápá, aago á dúró.

Defensive tackle ni wọ́n ń pe iṣẹ́ LeGrand. Àárín gbùngbùn ìlà àwọn tó ń dènà ni ipò rẹ̀. Àwọn abara-ńlá méjì bá ara wọn ní ìdojúkọ níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba, ọwọ́ kan gúnlẹ̀, ìdí wà lókè. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì kò ju gígùn bọ́ọ̀lù lọ, nǹkan bí íǹṣì 11. Wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, wọ́n á kọlura. Ariwo rẹ̀ máa ń dé ibi ìjókòó. Àmọ́ kò sí èyí tó sáré wá nínú wọn. Ìṣísẹ̀ kan péré ni, bóyá kan àbọ̀. Ẹni tó wọn 275 pọ́n-ùn lè pàdé ẹni tó tún tóbi jù ú lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ráyè kó eré jọ. Ọ̀rọ̀ agbára ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré sísá.

Ẹni tí kò mọ eré yìí á rò pé ibẹ̀ ni ewu wà jù lọ. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí. Ìka ń yẹ̀ níbẹ̀, ètè ń bẹ́, ẹ̀yìn ń ro ènìyàn títí dé ọjọ́ kejì. Ìyà yàtọ̀ sí ewu.

Kọ́tà kejì. Army kì í sábà ju bọ́ọ̀lù. Sísá ni wọ́n ń gbé e sá. Ẹni tó ń darí wọn á gba bọ́ọ̀lù, á ṣe bí ẹni fẹ́ kì í bọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá. Bí kò bá fún un, á gbé e sá fúnra rẹ̀. Bí ọ̀nà bá tún dí, á sọ ọ́ sí ẹnìkẹta tó ń bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Triple option ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tó já lé defensive tackle léjìká nínú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: kó ṣáà mú ẹni àkọ́kọ́ balẹ̀, yálà bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí.

Ó ṣòro láti ṣe. Àwọn ológun yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi tó àwọn tí wọ́n ń kojú, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á ju ara wọn sí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró síwájú wọn, èjìká á lọ bá orúnkún. Òfin gbà wọ́n láyè láti ṣe é nítòsí ibi tí bọ́ọ̀lù ti gbéra. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá máa pàdé Army gbọ́dọ̀ kọ́ ọ sáájú: bí wọ́n á ṣe máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí ẹni tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n á ṣe máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí èjìká tó débẹ̀.

Orúnkún ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ lọ́jọ́ báyìí. Orúnkún ni àwọn olùtọ́jú tó dúró létí pápá ń wò. Bí ọ̀kan nínú àwọn abara-ńlá bá ṣubú tí kò tètè dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ lọ. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀.

Kọ́tà kejì, 0:00. Ìsinmi. Ogún ìṣẹ́jú ni.

Ọdún kẹta LeGrand ní Rutgers nìyí. Ó wọlé lọ́dún 2008. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ náà jẹ ìdíje tí wọ́n fi kádìí sáà. Lọ́dún 2009, wọ́n tún jẹ ẹ́. Kì í ṣe òun ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́. Ó wà lára àwọn tí kóòṣì ń fi pààrọ̀ ara wọn ní àárín ìlà, kí ó má baà rẹ ẹnì kankan jù. Sáà kan ṣì kù fún un lẹ́yìn èyí. Fún ọmọ tó tóbi tó yìí, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nírú ipò yìí, ìrètí àtidé NFL, líìgì àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, kì í ṣe àsọdùn. Greg Schiano ni kóòṣì wọn. Gbólóhùn tó fi ń darí wọn jẹ́ ti agégi: kí wọ́n ṣáà máa gé e lọ.

LeGrand ní iṣẹ́ kejì nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó tóbi tó o kì í sábà ṣe é. Bí Rutgers bá ti gba àmì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà fún ọ̀tá. Kickoff nìyẹn. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lórí yáàdì 30 tiwọn, ẹnìkan á fi ẹsẹ̀ gbá a lọ sí òkè réré, àwọn mẹ́wàá yòókù á sì gbá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù náà á máa sáré bọ̀ wá pàdé wọn. LeGrand wà lára àwọn mẹ́wàá náà. Ó yára ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ọdún yìí kan náà ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré àwọn yunifásítì, ṣe òfin tuntun lórí kickoff. Ní tẹ́lẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn tó ń gbà á lè so pọ̀ di ògiri níwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Wọ́n fòfin de ìyẹn. Ẹni méjì ló kù tó lè so pọ̀. A kì í ṣe irú òfin báyìí láìnídìí.

Kọ́tà kẹta. Army ló wà níwájú. Rutgers ń wá bí wọ́n á ṣe lé wọn bá. Chas Dodd, ọmọ ọdún kìíní, ló ń darí ìkọlù wọn. Àwọn tó wà lórí ìjókòó lé ní 41,000, èyí tó fi hàn pé nǹkan bí ìdajì pápá náà ló ṣófo. Nínú pápá tó tóbi tó báyìí, ohùn àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń gba orí àga òfìfo lọ kó tó padà wá.

Ọ̀sán ti ń rọ̀. Kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú kọ́tà yìí tí ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì fẹ́ rántí.

Kọ́tà kẹrin, 15:00. Rutgers kò jáwọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba yáàdì.

Kọ́tà kẹrin, aago ti sún mọ́ 5:00. Rutgers gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà òpin, èyí tí wọ́n ń pè ní touchdown, wọ́n sì gbá èyí tó tẹ̀ lé e wọlé. Ọ̀mì ni, 17 sí 17. Àwọn tó wọ aṣọ pupa lórí ìjókòó dìde. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fò létí pápá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹgbẹ́ kickoff gbọ́dọ̀ wọlé. Nọ́ńbà 52 fa okùn àgbọ̀n rẹ̀ le, ó sì wọlé.

Aago fi díẹ̀ lé ní 5:00. Wọ́n tò lórí ìlà 30. Bọ́ọ̀lù wà lórí ohun tí wọ́n fi gbé e dúró, ó nà gbọọrọ sókè. Ní ọ̀nà jíjìn, nítòsí ìlà òpin ti Army, Malcolm Brown ń dúró. Sárésáré ni. Ó wọn nǹkan bíi 180 pọ́n-ùn. Kò tó LeGrand nínú ohunkóhun àfi eré.

Adájọ́ fọn fèrè. Ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù ń lọ lókè. LeGrand ti gbéra. Ìlà 35. Ìlà 40. Kò sí ẹni tó dí i lọ́nà. Lórí ìlà tó ti máa ń ṣiṣẹ́, íǹṣì 11 ló ní. Níbí, gbangba ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìlà 50. Ẹni tó wọn 275 pọ́n-ùn ti kó eré jọ báyìí, eré náà sì ń pọ̀ sí i.

Brown gba bọ́ọ̀lù. Ó há a mọ́ra. Ó gbéra láti máa bọ̀. Yáàdì mẹ́wàá. Yáàdì márùndínlógún. Àwọn Army mìíràn ń gbìyànjú láti dá àwọn tó ń bọ̀ dúró. Àyè kan là. Brown wọ inú rẹ̀. Ní òpin àyè náà, nọ́ńbà 52 ti dé.

Láti ìlà 30 ti Rutgers dé ìlà 25 ti Army jẹ́ yáàdì márùndínláàádọ́ta. Gbogbo rẹ̀ ni LeGrand sá. Brown náà ti sá tirẹ̀ wá pàdé rẹ̀.

LeGrand tẹrí ba.

Díẹ̀ báyìí ni. Ó fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ kó lè mú un dáadáa. Bí ènìyàn bá gbórí sókè, egungun ọrùn a tẹ̀ kọrọdọ, ó sì lè gba ìjàǹbá díẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá tẹrí ba, ọrùn a nà ṣánṣán. Agbára tó bá wá láti àtàrí kò ní rí ibi yà sí. Ara egungun ni yóò gbà lọ, láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn tó mọ̀ nípa eré yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láti ọdún 1976 ni NCAA ti fòfin de kí agbábọ́ọ̀lù máa fi orí gún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sáré tó báyìí kò ní àkókò láti rántí òfin. Ohun tí ara bá ṣe náà ló ṣe.

Àtàrí akoto lọ bá èjìká Brown. Egungun èjìká Brown ṣẹ́. Bọ́ọ̀lù dúró. Àwọn Rutgers tó wà nítòsí kọ́kọ́ dunnú, nítorí ìmúbalẹ̀ tó dára ni.

LeGrand le gbandi. Ó ṣubú.

Aago dúró. Àwọn tó sún mọ́ ọn jù ló kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n retí kó yí padà. Wọ́n retí kó di orúnkún rẹ̀ mú. Kò di nǹkan kan mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti orí ìjókòó.

Àwọn olùtọ́jú sáré wọlé. Ọ̀kan kúnlẹ̀ sí ìhà orí. Nínú iṣẹ́ wọn, a kì í ṣàdédé bọ́ akoto kúrò lórí ẹni tó bá wà nírú ipò yìí. Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń di orí mú kí ó má mì, ẹlòmíràn á sì máa ṣiṣẹ́ lára irin tó bo ojú. Wọ́n bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà: kì í ṣe ìrora ló ń bá a jà. Èémí ni. Ó ń gbìyànjú láti mí, kò rí i mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó rò pé òun ń kú lọ.

Schiano wá láti etí pápá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kó máa gbàdúrà.

Aago kò yí padà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Rutgers ti kúnlẹ̀. Wọ́n gbé pákó wá. Wọ́n tẹ́ ẹ lé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi okùn dè é láti iwájú orí títí dé ẹsẹ̀. Wọ́n gbé pákó náà sórí ọkọ̀ kékeré tó ń rìn nínú pápá. Àwọn èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti wo eré yìí pẹ́ ló mọ ohun tó kàn. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé lọ máa ń na àtàǹpàkò sókè, kí ọkàn àwọn tó kù lè balẹ̀.

LeGrand mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ó fẹ́ nà án. Ó pàṣẹ fún ọwọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà wọ ihò tó gba abẹ́ ìjókòó jáde. Kò sí ẹni tó rí àtàǹpàkò kankan.

Aago tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá kojú mọ́kànlá. Ẹlòmíràn wà ní àárín ìlà. Army gbé bọ́ọ̀lù sá, Rutgers dènà. Ohun tó le jù nínú eré yìí, lójú tèmi, ni pé ó máa ń tẹ̀ síwájú. Kò sí òfin kankan tó ní kó dúró.

Kọ́tà kẹrin, 0:00. Ọ̀mì ṣì ni, 17 sí 17. Wọ́n wọ àfikún. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, àfikún kò ní aago. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, láti yáàdì 25. Army gba mẹ́ta: 20 sí 17. Ó kan Rutgers. Wọ́n gba touchdown. Eré parí ní 23 sí 20.

Nínú irú ìborí báyìí, tí wọ́n lé ẹni bá láti ẹ̀yìn kí wọ́n tó jẹ, gbogbo pápá ló yẹ kó dà rú fún ayọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn èrò ń bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́. Áńbúláǹsì ti dé ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Hackensack. Kò jìnnà sí pápá. Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀. Egungun ọrùn méje ni ènìyàn ní. Àwọn oníṣègùn ń kà á láti òkè wá. Ìkẹta ti fọ́. Ìkẹrin ti fọ́.

Inú ihò àwọn egungun wọ̀nyẹn ni okùn iṣan tó ti ọpọlọ wá ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Iṣan tó ń pàṣẹ fún ìwàǹwà abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ènìyàn fi ń mí, láti nítòsí ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló ti ń yọ. Ohun tó fà á nìyẹn tí kò fi rí i mí lórí pápá. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Alẹ́. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fẹ́ tún ọrùn náà tò, kí ó má tún ba nǹkan mìíràn jẹ́. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ìyá rẹ̀ wà nínú ilé ìwòsàn. Schiano wá láti pápá. Yóò wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Òru. Ọjọ́ Àbámẹ́ta parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú. Rutgers kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé: Eric LeGrand ti rọ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà sọ fún ìdílé rẹ̀ kò fúnni ní ìrètí. Wọ́n ní àyè tó wà pé ara á tún máa gbàṣẹ padà kò ju láti òdo dé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ ni yóò máa bá a mí títí ayé.

Kó tó pé oṣù méjì, ó ti ń mí fúnra rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú Kessler, ní West Orange, ló ti ń kọ́ bó ṣe máa jókòó. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò padà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn gbá ìdíje mẹ́fà sí i ní sáà yẹn. Wọ́n pàdánù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ohun tó wá tẹ̀ lé e ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa sọ jù lọ. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2011, nínú òjò dídì, ó wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n ń wọ pápá láti kojú West Virginia. Lọ́dún 2012, Schiano ti di kóòṣì Tampa Bay nínú NFL, ó sì mú un sínú ẹgbẹ́ náà lórí ìwé, kí ọmọ náà lè ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù NFL. Lọ́dún 2013, Rutgers gba nọ́ńbà 52 kúrò nílẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Lọ́dún 2014 ló gba oyè yunifásítì rẹ̀. Mo kà á sí pé èyí tó kẹ́yìn yìí ló tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kámẹ́rà kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé.

Ohun kan ṣì wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Lọ́dún 2011, Schiano mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n pa kickoff rẹ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ tó bá gba àmì ni kí wọ́n fún ní bọ́ọ̀lù lórí yáàdì 30 tiwọn, kí ó jẹ́ ìgbìyànjú wọn kẹrin, èyí tó máa ń kẹ́yìn, kí yáàdì 15 ṣì kù fún wọn láti gbà. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, kí wọ́n gbá a padà fún ọ̀tá láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá láyà, kí wọ́n gbìyànjú. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò ní sí pé ènìyàn mẹ́wàá ń sáré gbangba láti apá kan, kí mẹ́wàá mìíràn máa bọ̀ láti apá kejì.

NCAA kò gbà á. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012 ni pé wọ́n sún ibi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ síwájú, láti yáàdì 30 sí 35, kí bọ́ọ̀lù lè máa lọ jìnnà, kí àwọn tó ń gbà á lè máa fi í sílẹ̀ láìsáré. Bí ẹni tó gbà á bá sì sáré, ẹni tó bá fẹ́ lọ ká a mọ́ ìlà 25 ti ọ̀tá yóò sá ogójì yáàdì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.